Àlàfo sípáàkì kọ́ìlì Tesla mi ń jó bí àtùpà: ṣé kí n fẹ̀ ẹ́ ni, àbí kí n pààrọ̀ irin rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Ọ̀yọ́ ni mo wà, ẹ̀gbẹ́ ọjà Akẹ̀sán. Mo ṣe kọ́ìlì Tesla kan, ẹ̀rọ tó ń fi kọ́ìlì méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, sọ iná di mànàmáná, láti inú àwòrán tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tiransifọ́mà pátákó oníná àlòkù ni mo lò, fóòtì 9,000, miliáńpù 30. Kàpásítọ̀ mẹ́wàá, ohun tó ń kó iná pamọ́, ni mo so tẹ̀léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan 0.1 µF (ìyẹn 100 nF), fóòtì 2,000, àpapọ̀ wọn wá jẹ́ 10 nF. Bóòtù méjì tó dojú kọra ni mo fi ṣe àlàfo sípáàkì. Tí mo bá tàn án, nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́ máa ń dùn mọ́ mi: á máa ké pa-pa-pa, mànàmáná tó tó 20 cm á máa jáde ní orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, igbe yẹn á di kíkùn bíi ti oyin, àlàfo á máa jó bí àtùpà, bóòtù á pọ́n, orí kò sì ní mú nǹkan jáde mọ́. Ẹnì kan ní kí n fẹ̀ ẹ́. Mo fẹ̀ ẹ́ dé mílímítà mẹ́fà, kàpásítọ̀ kan bẹ́. Ẹlòmíràn ní irin tungsten ni kí n wá. Ẹlòmíràn ní fáànù. Owó ti ń tán lọ́wọ́ mi. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

*

Kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára iná ná, àbúrò. Kàpásítọ̀ mẹ́sàn-án tó kù ṣì lè mú iná dání lẹ́yìn tí o bá ti yọ ọ́. So wáyà mọ́ orí ọ̀pá ike gígùn, fi kan ẹnu wọn méjèèjì pọ̀ kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀. Ọwọ́ kejì, fi í sínú àpò ṣòkòtò.

Ó dáa. Ohun tí o ṣàlàyé yẹn kì í ṣe àìsàn irin. Àlàfo rẹ kò mọ ìgbà tó yẹ kó panu mọ́ ni.

Púpọ̀ nínú wa ló rò pé iṣẹ́ àlàfo ni kó máa ta iná tó rẹwà. Ṣíwíìsì ni o, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tiransifọ́mà ń rọ iná sínú kàpásítọ̀. Nígbà tó bá kún débi tí afẹ́fẹ́ àárín irin méjèèjì kò lè dá a dúró mọ́, àlàfo á ta, iná á tú wọ kọ́ìlì ìsàlẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì lọ mì bọ̀. Nínú kọ́ìlì tó tó tìrẹ, ìmì yẹn lè tó 300,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Áńpù tó ń gba ẹnu àlàfo kọjá ní àkókò náà lè lé ní 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé miliáńpù 30 ni wọ́n kọ sára tiransifọ́mà.

Kí ìmì mélòó kan tó kọjá, agbára náà á ti gòkè lọ sínú kọ́ìlì òkè. Bí àlàfo bá kú lójú ẹsẹ̀ yẹn, agbára há sókè nìyẹn, orí nìkan ló kù tó lè gbà jáde. Bí kò bá kú, ṣe ni á padà sísàlẹ̀, á tún gòkè, á tún padà. Ó dà bí ẹni tó ń da epo láti inú agbè kan sí èkejì, tó tún ń dà á padà: bó bá ṣe ń dà á ni díẹ̀ ń ta sílẹ̀. Ẹnu àlàfo rẹ ni epo yẹn ń ta sí. Òun ló fi pọ́n.

Bó bá wá pọ́n tán, ọ̀rọ̀ á tún burú sí i. Afẹ́fẹ́ tó ti gbóná láàárín irin tó ti gbóná kò ní ráyè padà di afẹ́fẹ́ lásán kí iná tó tún dé. Tiransifọ́mà fúnra rẹ̀ á wá máa jó gba ibẹ̀ kọjá, kàpásítọ̀ kò ní rí ohun tó máa kún ún. Kíkùn bí oyin tí o ń gbọ́ nìyẹn.

*

Ní ti ẹni tó ní kí o fẹ̀ ẹ́, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí fóòtì inú kàpásítọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Àlàfo tó fẹ̀ ló ń jẹ́ kí fóòtì gòkè kó tó ta. Nítorí náà, fẹ̀ ẹ́, kí mànàmáná gùn. Èmi náà ti wà nínú ẹgbẹ́ yẹn rí. Kàpásítọ̀ mẹ́rin àti tiransifọ́mà kan ni mo fi san owó ẹgbẹ́ kí n tó jáde.

Wọn kì í sọ ibi tí fóòtì yẹn yóò ti wá. Góńgó tiransifọ́mà 9,000 rẹ jẹ́ nǹkan bíi 12,700, torí pé ìlọ́po 1.414 ni góńgó iná ilé fi ń ju iye tí wọ́n kọ sí i lọ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nǹkan bíi fóòtì 3,000 fún mílímítà kan kó tó já. Tí o bá pín in, mílímítà mẹ́rin àti díẹ̀ ni. Mílímítà mẹ́fà tí o fẹ̀ ẹ́ sí ń bèèrè 18,000. Kò yẹ kó ta rárá, ṣùgbọ́n ó ta, nǹkan sì bẹ́. Báwo?

Ibí ni àwòrán yẹn ti kó ọ sí. Tiransifọ́mà irú èyí àti kàpásítọ̀ dà bí ọmọdé àti ẹni tó ń tì í lórí jangirọ́fà: bí o bá ń tì í ní àkókò tó ń padà bọ̀ gan-an, títì kékeré á gbé e rókè. Pín 9,000 sí 0.03, o rí 300,000 ómù. Lórí iná 60 Hz (ìgbì 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, kàpásítọ̀ tó máa fa ìgbérókè yẹn fún tiransifọ́mà rẹ jẹ́ bíi 8.8 nF. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹni tó ya àwòrán rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ló fi gbé tirẹ̀ sí 10 kó lè kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n 50 Hz ni iná tiwa. Tún un ṣírò, 10.6 nF ló máa jáde. Ibi tí onítọ̀hún ń sá fún nílé tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an lo gbé tìrẹ kalẹ̀ sí l'Ọ́yọ̀ọ́.

Bí àlàfo bá fún, kò sí wàhálà, á ti ta kí fóòtì tó gun orí ara rẹ̀. Bó bá fẹ̀, ìgbì á máa gun ìgbì títí nǹkan kan á fi bẹ́. Dúpẹ́ pé kàpásítọ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Tiransifọ́mà pátákó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí rà ní gbogbo ọjọ́ ọjà.

Nítorí náà, kàpásítọ̀ ni kí owó rẹ kọ́kọ́ lọ sí. Ra mẹ́wàá tó jẹ́ 0.15 µF, irú fóòtì kan náà. 15 nF nìyẹn, o ti jìnnà sí 10.6. Rí i pé oníke polypropylene ni, kí o sì so rẹsítọ̀ 10 megaómù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí iná má baà máa sùn sínú wọn. Mo máa padà sórí ohun tí ìyípadà yìí máa ṣe sí kọ́ìlì ìsàlẹ̀. Má jẹ́ kí n gbàgbé.

*

Báwo la ṣe ń mọ bó ṣe yẹ kí àlàfo fẹ̀ tó? Yọ kàpásítọ̀ kúrò. So àlàfo nìkan mọ́ ẹnu tiransifọ́mà. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó fẹ̀, kí o máa fà á súnmọ́ra díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa pa iná ní gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ibi tó bá ti ń ta wẹ́rẹ́ ní gbogbo ìgbà tí o bá tan iná, ibẹ̀ ni òpin. Kí o tún ṣe àlàfo ìdáàbòbò sẹ́nu tiransifọ́mà, irin mẹ́ta, kí o so ti àárín mọ́ ilẹ̀, kó fẹ̀ díẹ̀ péré ju òpin yẹn lọ. Ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà, òun ló máa ta dípò kí tiransifọ́mà jó.

Wo iná ilé kó o tó ṣe é o. Ní àdúgbò tèmi lẹ́yìn Under G, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, iná ìrọ̀lẹ́ lè wá ní fóòtì 170. Bó bá di òru tí gbogbo èèyàn ti pa fáànù, ó ti di 230. Ní 170, tiransifọ́mà 9,000 rẹ ti di bíi 6,650. Àlàfo tí o bá tò lóru kò ní ta nírọ̀lẹ́. Èyí tí o bá tò nírọ̀lẹ́ á ta lóru, àmọ́ á ti ta kí kàpásítọ̀ tó kún dáadáa. Èkejì ni mo fara mọ́. Mànàmáná kúkúrú sàn ju tiransifọ́mà tó jó lọ.

*

Ẹnì kan já lu ọ̀rọ̀ pé kí ló dé tí a ń wá tiransifọ́mà pátákó kiri nígbà tí ti máíkírówéfù kún ọ̀dọ̀ àwọn oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ní Sábó.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, rárá. Góńgó rẹ̀ kò tó fóòtì 3,000, èyí tó túmọ̀ sí pé àlàfo rẹ̀ kò ní tó mílímítà kan. Áńpù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀, kò sí ohun tó ń dá a dúró. Miliáńpù 30 lè pa èèyàn. Èyí tí ẹ ń sọ yìí kò ní fún yín láyè àṣìṣe kejì. Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó níbí.

*

Tungsten ńkọ́? Òótọ́ ni pé ó le. Ó tó 3,422 °C kó tó yọ́, nígbà tí bàbà ń yọ́ ní 1,085. Àwọn wẹ́dà tó ń jó alumíníọ̀mù ní ọ̀pá rẹ̀, wọ́n á sì ta èyí tó ti kúrú fún ẹ ní owó díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tó bá dá sí ọ̀rọ̀ yìí fi ń pariwo tungsten.

Èmi ò bá wọn pariwo. Ohun tí tungsten mọ̀ ọ́n ṣe ni kó fara da ooru. Kì í lé ooru lọ bí bàbà ṣe ń lé e. Bàbà ń gbé ooru kúrò lójú kan ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀ ju bí tungsten ṣe ń gbé e lọ, ó sì fi ìlọ́po mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju irin bóòtù. Nínú àlàfo tí mọ́tọ̀ kì í yí bíi tìrẹ, irin tó máa tutù là ń wá. Tungsten tó pọ́n tí kò yọ́ ṣì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbóná, àlàfo kò sì ní kú. O ti ná owó, kíkùn oyin ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀pá tungsten tó ní àmì pupa lórí, thorium wà nínú rẹ̀, ó ní ìtànṣán díẹ̀. Bí o bá fẹ́ lọ̀ ọ́ lórí ẹ̀rọ, bo imú rẹ dáadáa, má jẹ́ kí eruku rẹ̀ wọlé. Bóòtù tó ń dán tí o lò náà kò dára: zinc ni wọ́n fi bò ó, zinc sì ti ń hó ní 907 °C. Èéfín funfun tí o bá rí níbẹ̀, má fà á símú.

Bàbà ni. Bó o bá rí idẹ, idẹ náà á ṣe é. Lọ bá àwọn tó ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ní kí wọ́n fún ẹ ní páìpù bàbà tí wọ́n ti gé kù. Ẹni tí mo lọ bá kò gbowó lọ́wọ́ mi. Ó kàn béèrè bóyá ẹ̀rọ tí mo ń ṣe lè ṣọ́ ilé.

*

Bí mo ṣe to tèmi nìyí. Páìpù méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi ìka ọwọ́ ní gígùn, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìtẹ́ àkàbà. Àlàfo mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Bíléèdì ayùn irin ni mo fi wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó nípọn tó bíi 0.63 mílímítà. Mo fi bíléèdì sí àárín méjì, mo ti wọ́n kan ara wọn, mo de bóòtù, mo fa bíléèdì yọ. Mẹ́fà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà mẹ́rin, ó sì bá tiransifọ́mà 9,000 mu. Bó bá pọ̀ jù, mo lè fi wáyà fo ọ̀kan. Ọgbọ́n bíléèdì yìí, ọ̀dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan ni mo ti kọ́ ọ. Òun ló fi ń tún pọ́ìǹtì ọkọ̀ ayé àtijọ́ ṣe kí kọ̀ǹpútà tó wọ inú mọ́tò.

Kí ló dé tí mẹ́fà kékeré fi dára ju ńlá kan? Torí pé ooru tó ń dé ojú kan tẹ́lẹ̀ ti pín sí ojú mẹ́fà. Torí pé iná kúkúrú tó wà láàárín irin tutù méjì tètè ń kú: irin méjèèjì ti fún un mọ́ àárín, wọ́n ń fa ooru rẹ̀ mu. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ní 1906, Max Wien, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, ti fi hàn pé àlàfo kúkúrú gan-an ń kú kíákíá. Àwọn tó ń fi sípáàkì ránṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́ nígbà náà sì wá ń to àwo bàbà pẹlẹbẹ léra, wọ́n ń fi òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi mica ṣe, òkúta tí iná kì í gbà kọjá, ya wọ́n.

Àwọn kan ń jiyàn pé bí o ṣe pín in, iná ń ṣòfò ní ẹnu kọ̀ọ̀kan. Wọn kò parọ́. Ẹnu tuntun kọ̀ọ̀kan ń gba díẹ̀. Mo dán mẹ́wàá wò rí, ó sì burú ju mẹ́fà lọ. Ṣùgbọ́n láti ọ̀kan sí mẹ́rin, láti mẹ́rin sí mẹ́fà, èrè tí o máa rí ju òfò lọ dáadáa.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni ojú páìpù. Bí o bá gé e tí o kò fi sáńpépà ra etí rẹ̀, gbogbo sípáàkì á lọ jókòó sí etí yẹn, ibẹ̀ nìkan ni yóò máa jó. Ìyókù páìpù kàn jókòó bí àlejò níbi ìyàwó. Rà á títí á fi dán, tò ó kó dọ́gba lókè nísàlẹ̀. Bí etí kan bá fún ju ìkejì lọ, o ò ṣe nǹkan kan.

Má to ó sórí pákó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹjọ kan nígbà tí òjò kò dáwọ́ dúró, ọ̀rinrin ti wọ pákó, iná wá ọ̀nà gba orí rẹ̀ kọjá, ó ya ìlà dúdú bí ẹni fi èédú kọ̀wé, láti ọjọ́ náà iná kò gba àlàfo mọ́, ojú ìlà yẹn ló ń gbà. Pákó ike tí wọ́n fi ń gé ẹran ní ilé ìdáná ni mo ń lò báyìí.

*

Fáànù. Níbí, mo gbà pẹ̀lú ẹni tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fáànù kọ̀ǹpútà tó ń mí bí ọmọ ọwọ́. Afẹ́fẹ́ tó lágbára là ń wí, tó máa gba àárín páìpù kọjá, kó gbá afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ kí iná kejì tó dé. Tesla fúnra rẹ̀, nígbà tó ń ṣe èyí ní àwọn ọdún 1890, lo afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sí àlàfo, ó tún lo òòfà láti fi ti iná náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà òmùgọ̀ kan tí mo hù. Mo ra ẹ̀rọ ìgbẹrun àlòkù lọ́wọ́ onísàlúùnù kan. Mo ní kò sí ohun tí mo fẹ́ fi ooru ṣe, mo gé wáyà tó ń gbóná dànù. Mo tàn án, kò mí. Mo tú mọ́tọ̀ rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Rìwáyà ni mí o, mọ́tọ̀ ìlọta ni mo ń wé fún jíjẹ, ó sì gbà mí ní ọ̀sán kan kí n tó rí i pé mọ́tọ̀ inú rẹ̀ kò lè gba 220. Wáyà tó ń gbóná yẹn ni wọ́n fi ń dín iná kù fún un. Mo ti fi ọwọ́ ara mi gé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

Bulówà kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń lò dípò ẹwìrì ni mo padà rà. Òun ló yí ọ̀rọ̀ padà jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe sí àlàfo. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí: bí afẹ́fẹ́ bá ti ń gbá ẹnu àlàfo mọ́, fóòtì tó máa ta lórí rẹ̀ á ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí kò sí ìyókù iná àná níbẹ̀ mọ́ tó ń ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, bulówà gbọ́dọ̀ ti máa ṣiṣẹ́ nígbà tí o bá ń to àlàfo. Kí o má tò ó láìsí afẹ́fẹ́, kí o wá tan bulówà lẹ́yìn náà, kí o tún wá béèrè ìdí tí kàpásítọ̀ fi bẹ́.

Nígbà ọyẹ́, nu páìpù rẹ lójoojúmọ́. Eruku tí bulówà ń fà wọlé ní oṣù Kìíní, o lè fi gbin ẹ̀fọ́.

*

Ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé. Ẹnì kan béèrè, mo sì rí i pé ó tọ́ ká sọ ọ́.

Àlàfo yìí ń ké bí ìbọn, ó ń tan ìtànṣán tó ń ba ojú jẹ́ bíi ti wẹ́dà, ó sì ń mú ozone jáde, òórùn tó ń ta nímú lẹ́yìn tí àrá bá sán nítòsí. Fi àpótí bò ó, kí ẹnu bulówà kọjú sí ojú fèrèsé. Má wò ó ní tààrà.

Ó tún ń bá rédíò jà. Ìyá kan wà ní ilé kejì sí mi tó máa ń gbọ́ ewì ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tan kọ́ìlì mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko, mo gbé ojú sókè, mo rí i tó gbé rédíò rẹ̀ sọ́wọ́, tó ń rìn yípo ọgbà bí ẹni ń wá ibi tí eku kú sí, tó ń gbé e súnmọ́ ògiri kọ̀ọ̀kan. Ó dé ẹnu ọ̀nà mi, rédíò ké kàrà. Ó ní, “Ìwọ ni.” Mo dọ̀bálẹ̀.

Láti ìgbà náà, mi ò tan án ní àkókò ewì. Mo ri ọ̀pá ilẹ̀ tí kọ́ìlì òkè nìkan ń lò, mi ò so ó mọ́ ilẹ̀ iná ilé. Àmọ́ rédíò yẹn kọ́ mi ní nǹkan kan. Bí àlàfo bá ń ta déédéé, ìró tó máa gbọ́ nínú AM á dọ́gba bí ìró ọ̀lọ. Bí kò bá ta déédéé, á máa họ, á máa jákulẹ̀. Nísinsìnyí mo ní rédíò kékeré tèmi tí mo fi ń yẹ àlàfo wò láti ìdí ògiri kejì.

*

Àwọn méjì ti béèrè bóyá kí wọ́n fi mọ́tọ̀ yí àlàfo. Fún 270 wáàtì tí tiransifọ́mà yìí ń pèsè? Kò yẹ.

Mọ́tọ̀ ìlọta tí mo ń wé, wọ́n kọ ìyíká 1,440 láàárín ìṣẹ́jú kan sí i lára. Ó yẹ kó jẹ́ 1,500 lórí 50 Hz, ṣùgbọ́n ó ń fà sẹ́yìn. Ohun tó bá ń fà sẹ́yìn báyìí kò ní pàdé góńgó iná ní àkókò kan náà. Nígbà tó bá pàdé òfo, fóòtì á máa gòkè nínú tiransifọ́mà láìsí ibi tó máa gbà. Èyí tó bá máa dúró déédéé, tó máa ta ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, mọ́tọ̀ tó mú ìgbì iná dání láìyẹsẹ̀ ni. Ó ṣòro rí, ó sì gba ọgbọ́n láti sọ mọ́tọ̀ lásán di bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn tún yàtọ̀ sí ewu. Irin tí o dè síbi tó jìnnà tó 10 cm sí àárín àwo tó ń yí 3,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan ń sá ju 110 kìlómítà ní wákàtí lọ. Nọ́ọ̀tì kan tó bá tú níbẹ̀ kò ní dúró béèrè orúkọ rẹ.

*

Ẹni tó béèrè ti padà dé. Ó ní òun ti ra kàpásítọ̀ 0.15 mẹ́wàá, òun ti rí páìpù méje gbà lọ́wọ́ oní fíríìjì kan ní Ọ̀wọ̀dé, òun ti yá bulówà. Kíkùn oyin ti lọ. Ìró rẹ̀ ń ké gan-an. Ṣùgbọ́n 30 cm ni mànàmáná, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan páìpù sì ń gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á. Ṣé kí òun fi àlàfo keje kún un ni?

Rárá, àbúrò. Mo ní kí o rán mi létí nǹkan kan, o kò rán mi létí. Kílíìpù rẹ tó so wáyà mọ́ kọ́ìlì ìsàlẹ̀, ìyíká wo ló wà?

Ó ní ìkejìlá, ibi tí àwòrán sọ.

Kò sí ohun tó ṣe àlàfo rẹ mọ́. Kàpásítọ̀ ti kúrò ní 10, ó ti di 15. Ìmì ìsàlẹ̀ ti lọ sílẹ̀, òkè sì wà níbi tó wà, wọn kò gbọ́ ara wọn mọ́. Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn, agbára kò ní gòkè. Ìsàlẹ̀ ni á wà tí á máa mì, ẹnu àlàfo ni á sì máa gbà ní gbogbo ìmì yẹn títí á fi tán. Ìdí nìyẹn tí páìpù fi ń gbóná pẹ̀lú bulówà. Bí mo bá ka àlàfo mẹ́wàá tí wọ́n ti gbé wá bá mi pé kò dára, nínú bíi méje, kílíìpù ni ẹni tó gbé e wá fi síbi tí kò yẹ.

Àpapọ̀ kàpásítọ̀ ti di ìlọ́po kan àti ààbọ̀, torí náà inductance kọ́ìlì ìsàlẹ̀, ìwọ̀n bó ṣe ń dí ìyípadà iná lọ́wọ́, gbọ́dọ̀ dín sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìyẹn kò ní kó di ìyíká mẹ́jọ, torí bí ìyíká bá dín díẹ̀, inductance ń dín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹwàá. Pa iná, kan ẹnu kàpásítọ̀ pọ̀, sún kílíìpù ní ìdá mẹ́rin ìyíká, tan án fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kọ ohun tí o rí sílẹ̀. Má fọwọ́ kan àlàfo rárá.

*

Ó ti kọ̀wé padà ní alẹ́ àná. Ìkẹwàá fún un ní 41 cm. Mẹ́sàn-án àti ààbọ̀, 38. Mẹ́wàá àti ìdá mẹ́rin, 47, páìpù sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ó ní kí ló dé tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn ìkẹwàá ló dára jù nígbà tí ìṣirò òun ń fún òun ní 9.8.

Torí pé mànàmáná tó jáde ní orí, ara kọ́ìlì òkè lòun náà. Bó bá ṣe ń gùn sí i ló ń fa ìmì òkè sílẹ̀, ìsàlẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé e. Fi kílíìpù sílẹ̀ níbẹ̀, fi ọ̀dà sàmì sí i. Ọjọ́ tí o bá pààrọ̀ orí sí èyí tó tóbi, máa wá a lọ láti ibẹ̀ sí òde.